Ọ̀dà Tí A Fi Kun Kòkànyín

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí lọ́dún tí kúrùnà mú ajá wa. Mo ti darúgbó báyìí, mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Síbẹ̀, bí mo bá fẹ́ sọ irú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọdún yẹn ni ọkàn mi máa ń lọ bá. Ilé wa wà lórí ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, ní òdìkejì omi sí ìlú Àgbádárìgì. Bí o bá kọjú sí ìhà kan, wàá gbọ́ òkun tó ń hó láìsinmi. Bí o bá kọjú sí ìhà kejì, ọ̀sà dákẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀. Láàárín méjèèjì ni òòlù bàbá mi ti máa ń dún láti àárọ̀, kó, kó, kó, nítorí iṣẹ́ títún ọkọ̀ ojú omi ṣe ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá mi á ti kó àgbọn sínú ọkọ̀ lọ sọ́jà kí oòrùn tó yọ, kì í sì í padà títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ló ń gbélé. Òun ló ń ṣe òróró àgbọn. Bí òróró náà bá ń jinná, èérún àgbọn máa ń pọ́n ní ìsàlẹ̀ ìkòkò, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo àgbàlá. A máa ń bu èérún yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàsà, a ó fi ata díndín àti ẹja wẹ́wẹ́ sí i, a ó sì jẹ ẹ́ nílẹ̀ lórí ẹní. N kò tíì rí oúnjẹ ilé ọlọ́rọ̀ tó dùn tó o.

Kòkànyín ni orúkọ ajá wa. Láti Ìkọgà ni bàbá mi ti gbé e wá nígbà tó ṣì kéré, tó pọ́n bí ilẹ̀ pupa, tí etí rẹ̀ sì ga ju orí rẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà ló sọ ọ́ lórúkọ. Obìnrin aládùúgbò wa kan wà tó máa ń fẹ́ mọ iye ẹja tí a rà, iye àgbọn tí ìyá mi tà, àti ìdí tí ìyá mi kò fi tíì bí ọmọ mìíràn lé mi. Nítorí rẹ̀ ni orúkọ náà ṣe jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà á bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, á ké tantan pé, “Kòkànyín o! Kòkànyín!” Obìnrin náà á ti máa dáhùn láti ilé rẹ̀ pé, “Ìyá, ṣé èmi lẹ ń bá wí?” Ìyá Àgbà á ní, “Ajá mi ni mo ń pè wá jẹun. Ṣé ebi ń pa ìwọ náà ni?” Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, ajá náà á sì sáré wọlé bí ẹni tó mọ̀ pé òun ló ni àwàdà náà. Òun ló ń ṣọ́ àgbọn tí a sá sóòrùn. Òun ló ń sin mí dé etí omi láàárọ̀ tí mo bá ń wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwé, ibẹ̀ náà ni mo sì máa ń bá a bí mo bá dé. Èmi nìkan ni ọmọ inú ilé nígbà náà. Ẹni tó bá ti jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ní àgbàlá àgbàlagbà á mọ ohun tí mo ń sọ.

Ìgbà òjò ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Mo ń já eégbọn lára Kòkànyín lábẹ́ igi àgbọn, ni ọwọ́ mi bá kan etí rẹ̀, mo rí i pé ìpẹ̀kun etí náà ti le, ó ti ṣá, irun ibẹ̀ sì ti ń re. Mo rò pé ẹ̀gún igbó ló ya á. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọjọ́ tí a bá kọ́kọ́ rí nǹkan lára ẹran ọ̀sìn ni ọjọ́ tó rọrùn jù lọ láti tọ́jú rẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ariwo tuntun fi kún ariwo àgbàlá wa: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Kòkànyín tó ń lu pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbì-gbì-gbì, bó ṣe ń họ ara. Bí a bá ń jẹun, ó ń họra. Bí bàbá mi bá fi òòlù sílẹ̀ láti sinmi, ariwo ẹsẹ̀ ajá nìkan ni a ń gbọ́.

“Sẹ̀námi,” ni Ìyá Àgbà pè mí, “mú ajá yẹn wá síbí.”

Mo fà á lọ. Ìyá Àgbà kò kọ́kọ́ wo ibi tó ń họ. Ó mú ìpẹ̀kun etí rẹ̀ sáàárín àtàǹpàkò àti ìka kan, ó rọra ń fi ọwọ́ ra á. Bó ṣe ń ra á, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá náà ń họ afẹ́fẹ́, bí ẹni tí wọ́n ń fi okùn fà.

“Ṣé o rí i? Etí ni mo bi léèrè, ẹsẹ̀ ló dáhùn. Kúrùnà ni.”

“Kì í ha ṣe làpálàpá, Ìyá Àgbà?”

“Làpálàpá máa ń yí po róbótó ni, irun á ká kúrò láàárín rẹ̀, kì í sì í yún ajá tó báyìí. Wo èyí. Etí, ìgúnpá, abẹ́ ikùn. Ibi tí irun kò ti pọ̀ ni kúrùnà ń kọ́lé sí. Bí a bá jẹ́ kó fi èékánná ya ara rẹ̀, egbò á dé, egbò á di ọyún, ìgbà yẹn ni ìwọ náà á máa sá fún un.”

Mo ti bi dókítà ẹran ọ̀sìn kan léèrè nípa ọ̀rọ̀ etí yẹn láìpẹ́ yìí. Ó ní àwọn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé kì í ṣe ẹ̀rí tó pé, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó dára ni. Ìyá Àgbà kò mọ̀wé rárá. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ́ ni ẹni tí kò mọ nǹkan. Mo ti sọ èyí fún ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń fi ìyá wọn ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì mi.

Lọ́jọ́ kejì, ó rán ìyá mi ní imí ọjọ́ lọ́jà. Ó lọ̀ ọ́ kúnná lórí ọlọ, ó pò ó mọ́ òróró àgbọn títí tó fi di bí ẹ̀kọ tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì rọ ọ́ sínú igbá kékeré kan. Òórùn rẹ̀ dà bí ti ẹyin tó bàjẹ́. Ó pè mí jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí ka òfin rẹ̀ fún mi, ó sì ń ní kí n máa tún un sọ tẹ̀lé òun. Kí n fi ọṣẹ dúdú wẹ ajá náà, kí n sì nu ún gbẹ kí òróró tó kàn án, nítorí ara tútù kì í gba oògùn. Kí n bẹ̀rẹ̀ láti etí, kí n má fo ibì kankan, títí kan àárín ìka ẹsẹ̀. Kí n so ó mọ́lẹ̀ títí òróró á fi wọ ara, kó má baà lá a. Àpò tó ń sùn lé, kí n jó o. Pákó tó ń fara tì, kí n da omi gbígbóná sí i. Kí n fọ ọwọ́ mi dáadáa lẹ́yìn náà, bí ara èmi náà bá sì ń yún mi, kí n sọ.

“Ọjọ́ mọ́kànlélógún,” ni ó wí. “Àràárọ̀. O kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan.”

“Bí ó bá sàn kó tó pé ọjọ́ yẹn ńkọ́?”

“Ta ló máa sọ fún ọ pé ó ti sàn? Ẹyin ń bẹ lábẹ́ awọ tí ojú rẹ ò lè rí. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Ìyá Àgbà.”

Mo ṣe é dáadáa fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí. Mo máa ń jí kí òòlù bàbá mi tó dún, màá pọn omi, màá wẹ ajá náà, màá nu ún, màá fi oògùn kùn ún. Ní ọjọ́ keje ó sùn láìhọra fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án mo rí irun tuntun ní etí rẹ̀, ó rọ̀ bí òwú. Ṣùgbọ́n imí ọjọ́ kì í bọ̀rọ̀ fi ọwọ́ ènìyàn sílẹ̀. Mo lè fi ọṣẹ wẹ̀, kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ọwọ́, òórùn náà á ṣì wà lábẹ́ èékánná mi. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ sí ilé ìwé, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí kọrin fún mi. “Ẹ sún! Ẹ sún! Ìyàwó Kòkànyín ti dé!” Ọmọ kan á ní, “Ṣé ọkọ rẹ ti jẹun?” Èkejì á ní, “Ó ti jẹ ìyàwó rẹ̀ ní etí!” Mo lè fara da ìyẹn, nítorí èmi náà mọ bí mo ṣe lè bú wọn padà. Èyí tí n kò lè fara dà ni ti Ìdòwú, ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ máa ń jókòó. Ó dìde ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó lọ jókòó sí iwájú ọkọ̀. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ ó rọra sọ fún mi pé, “Sẹ̀námi, má bínú. Ìyá mi ló ní aṣọ mi ń rùn.” Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bẹ̀ mí. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Láti ọjọ́ kejì ọ̀rọ̀ Ìdòwú yẹn ni mo ti jáwọ́. N kò dìídì pinnu rẹ̀. Mo kàn sọ fún ara mi pé irun ti ń hù, pé ọjọ́ kan kò lè pa ajá. Ọjọ́ kan di méjì. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà máa ń wo inú igbá, nítorí náà mo ń fi ewé bu oògùn láràárọ̀, bí ó ti máa ń tó tí mo bá fi kun ajá, mo sì ń lọ rì í mọ́ inú iyanrìn lẹ́yìn ibi tí bàbá mi ń to pákó sí. Màá padà, màá fọ ọwọ́ kí wọ́n rí mi.

“Ṣé o ti kùn ún?”

“Mo ti kùn ún, Ìyá Àgbà.”

“Àárín ìka ẹsẹ̀ ńkọ́?”

“Mo kùn ún níbẹ̀.”

“Ọmọ mi àtàtà.”

Ọjọ́ méjìlá ni mo fi gba oríyìn yẹn. Ìdòwú padà wá jókòó tì mí. Inú mi dùn, kò yẹ kí n purọ́ lé e lórí. Kúrùnà náà sì padà. Kò padà bó ṣe lọ. Ó gba gbogbo ikùn rẹ̀, ó gùn dé ẹ̀yìn, Kòkànyín sì fi èékánná ya ara rẹ̀ títí tí ọyún fi ń jáde, tí eṣinṣin ń tẹ̀lé e kiri àgbàlá. Mo rí gbogbo rẹ̀. Mo lè gbé igbá kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n oògùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán sínú iyanrìn, n bá sì ní láti sọ ìdí tí mo fi fẹ́ kí wọ́n po òmíràn. Ní gbogbo ìgbà tí mo jẹ́ olùkọ́, mo ti rí ọmọ tó kọ iṣẹ́ tí kò ṣe sínú ìwé, mo sì máa ń mọ̀ ọ́n lójú. Ojú tí mo ní nígbà náà ni.

Ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá fún bàbá mi ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ìdin inú omi ti jẹ ìdí ọkọ̀ náà. Bí ó ti dúró tí wọ́n ń dúnàádúrà, Kòkànyín kọjá. Ọkùnrin náà fi aṣọ bo imú.

“Ẹ̀yin ọ̀gá,” ni ó wí, “ṣé ọkọ̀ nìkan lẹ mọ̀ ọ́n tún ṣe ni? Ti ajá yín yìí, ìdin ti ń wọlé sí i o.”

Ó rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ojú ń tì kì í gbàgbé ọ̀rọ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó lọ bá Ìyá Àgbà níbi tó ti ń fọ́ àgbọn.

“Ìyá mi, ọjọ́ mọ́kànlélógún tí ẹ wí ti pé.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ wá wo ajá. Oògùn yín ò ràn án.”

Ìyá Àgbà fi àgbọn sílẹ̀. Ó wo igbá, ó ti mọ́ féfé. Ó wo mí. N kò gbójú sókè. “Sẹ̀námi kùn ún tán,” ni ó wí. “Mo rí i bí oògùn ṣe ń tán nínú igbá. Ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ni kò gbà á.”

“Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.”

Ohun tí bàbá mi mọ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n dé gbòǹgbò. Bí ìdin bá ń jẹ ọkọ̀, a ó wọ́ ọ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, a ó họ ọ́ mọ́, a ó fi ọ̀dà gbígbóná kùn ún. Ọ̀dà á dí gbogbo ihò tí ìdin ń gbà mí, ìdin á sì kú síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ṣe, kò sì sí ọlọ́kọ̀ tó padà wá fẹjọ́ sùn ún. Lójú rẹ̀, kòkòrò ni kòkòrò. Mo máa ń ronú títí dòní nípa bó ṣe rọrùn tó fún ọlọgbọ́n ọkùnrin láti ṣìnà lójú ọ̀nà tó mọ̀ jù.

“Baba Sẹ̀námi,” ni Ìyá Àgbà wí, “igi kì í mí. Ajá ń mí.”

“Imú ló fi ń mí, Ìyá mi. Màá fi imú sílẹ̀ fún un.”

Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, Ìyá Àgbà ì bá dìde, ì bá fi ọwọ́ gbá ọ̀dà náà dànù, bàbá mi kò sì ní lè sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n oògùn rẹ̀ ti kùnà lójú gbogbo ilé. Ẹnu wo ló fẹ́ fi sọ̀rọ̀? Ó tẹ orí ba, ó ń fọ́ àgbọn rẹ̀ lọ. Èmi ni mo gba ẹnu lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì dúró síbẹ̀.

“Sẹ̀námi, wá di ẹnu rẹ̀ mú.”

Mo dì í mú. Bàbá mi mú èèpo àgbọn, ó fi ń họ èépá kúrò lára rẹ̀ bó ti ń họ ìdí ọkọ̀, ẹ̀jẹ̀ ń yọ. Lẹ́yìn náà ó gbé ọ̀dà kúrò lórí iná, ó dúró kó tutù díẹ̀ nítorí kì í ṣe ìkà ènìyàn, ó fi ìgbálẹ̀ kékeré kun ajá náà láti ọrùn títí dé ìrù. Kòkànyín kò gbìyànjú láti bù mí jẹ. Ó ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ wà lára mi. Nígbà tí a tú u sílẹ̀, ó rìn lọ bí ẹni tó wọ aṣọ ẹlòmíràn, ó sì dùbúlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń tún ṣe. Àwọn méjèèjì dúdú bákan náà.

Oòrùn mú lọ́jọ́ kejì. Ọ̀dà náà gbóná lára rẹ̀, ó le, ó sì ń ya bó bá ti mira. Ó ń lá a, ó ń bì. Kò jẹun. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ó ń mí kíákíá, ahọ́n rẹ̀ funfun. Ìyá Àgbà kò bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́. Ó gbé ìkòkò òróró àgbọn tó yẹ kí ìyá mi gbé lọ sọ́jà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi òróró yọ ọ̀dà náà díẹ̀díẹ̀. Níbi tí ọ̀dà ti ṣí, awọ bá a ṣí. “Avún, rọra, avún,” ni ó ń wí fún un, ó ń pè é ní ajá ní èdè Gun, bí inú bá sì bí i nìkan ni ó máa ń pè é bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bàbá mi wo èyí títí, ó ju òòlù sílẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó wa ọkọ̀ náà lọ sí ìlú bí ẹni tí nǹkan ń lé. Dókítà ẹran ọ̀sìn ni ó mú bọ̀.

Ará Èkìtì ni dókítà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin, ó mọ ọ̀wọ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá náà, ó wo ẹnu rẹ̀, ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀, ó sì mi orí.

“Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ta ló ní kẹ́ ẹ fi ọ̀dà kùn ún?”

“Èmi ni.”

“Májèlé ni, bàbá. Ó gba awọ wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì tún lá a. Ara rẹ̀ ò sì lè tu ooru sílẹ̀. Ó ti pẹ́ jù.” Ó rí igbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà, ó gbé e sí imú. “Ta ló po èyí?”

“Èmi ni, dókítà. Kò ràn án.”

“Ó yẹ kó ràn án, Ìyá. Imí ọjọ́ nínú òróró, ohun tí èmi náà ì bá fún yín nìyẹn, pẹ̀lú oògùn mìíràn fún ọyún. Ọjọ́ mélòó lẹ fi kùn ún?”

“Ọmọ yìí ló ń bá mi kùn ún. Ọjọ́ mọ́kànlélógún, kò dín kan.”

Ó yíjú sí mi. “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

Ajá náà ṣì ń mí nígbà tí mo dáhùn. “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“A jẹ́ pé imí ọjọ́ tí wọ́n tà fún yín ni kò dára, Ìyá, tàbí kó jẹ́ pé ẹ kò bu ú pé.”

Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ọ̀dà àti òróró ń kán lára wọn, ó ń wò wọ́n. “Ojú mi ò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́,” ni ó wí. “Ó lè jẹ́ pé mo ṣì í bù.”

Kòkànyín kú kí oòrùn tó rọ̀. Bàbá mi gbẹ́ ilẹ̀ fún un fúnra rẹ̀. Kò sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun jẹ̀bi, ìyá rẹ̀ kò sì dá a lẹ́bi, bí àlejò bá sì bi bàbá mi léèrè ohun tó pa ajá, á ní, “Oògùn ni kò mú un.” Nígbà tí òjò ọdún yẹn parí, obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ tí kúrùnà bò lọ́wọ́ wá bá Ìyá Àgbà, bí wọ́n ti máa ń ṣe láti abúlé gbogbo tó wà létí ọ̀sà. Mo ń gbálẹ̀ nítòsí. Mo gbọ́ tí Ìyá Àgbà ní, “Gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ọmọ mi. Ọwọ́ mi ò mọ oògùn mọ́.” Obìnrin náà rò pé ó ń ṣe àwàdà. Ó dúró díẹ̀, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà kò po oògùn fún ẹnikẹ́ni mọ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí i kó kọ́ ẹnikẹ́ni. Mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà tó kú. Mo ti ń sọ fún ara mi pé ní ìsinmi tó ń bọ̀ ni màá sọ fún un.

Bàbá mi ni mo sọ fún nígbà tó darúgbó, tí kò lè gbé òòlù mọ́. Ó gbọ́ mi tán. “Èmi ni mo kun ọ̀dà,” ni ó wí, “mi ò sì lè gbé ìyẹn lé ọ lórí. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló yẹ kó o wá bá, Sẹ̀námi. Mo pe ìyá mi ní ẹni tí kò mọ oògùn títí ó fi kú.” Ó yíjú sí ògiri. A kò tún sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ìtòsí Ìjanikin ni mo ń gbé báyìí. Ní oṣù tó kọjá, mo rí aládùúgbò mi kan, ọ̀mọ̀wé ènìyàn, òṣìṣẹ́ ìjọba, tó gbé kẹ̀ǹgbẹ̀ epo dúdú tí wọ́n tú lára mọ́tò rẹ̀, tó fẹ́ fi kun ajá rẹ̀ tó ní kúrùnà. Mo pè é, mo fi àga fún un, mo sì sọ díẹ̀ nínú ohun tí ẹ kà yìí fún un. Ó gbé ajá náà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Mo rọ ẹ̀yin náà: ẹ máa yẹ etí ajá yín wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, bó bá wẹ̀, ẹ nu ún gbẹ, ẹ máa já eégbọn rẹ̀, ẹ yí ohun tó ń sùn lé padà. Bí irun bá ń re tàbí ara bá ń yún un, ẹ tètè gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ má fi ọ̀dà, epo mọ́tò, kẹrosíìnì tàbí omi bátìrì kàn án. Oògùn tí wọ́n bá fún yín, ẹ lò ó títí di ọjọ́ tí wọ́n dá, bí irun tilẹ̀ hù.

Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ tó rọrùn. Èkejì nìyí, òun ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. Bí ẹ bá fo ọjọ́ kan, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ajá lè rí ìwòsàn lẹ́yìn ọjọ́ tí a fò. Ẹni tí a jẹ́ kó gbà pé òun ni kò mọ iṣẹ́ kì í rí ìwòsàn bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ ọgbọ́n lára mi, kí ẹ sì sọ tiyín nígbà tí ẹni tí ẹ ó sọ ọ́ fún ṣì lè gbọ́.